Ààwẹ̀ Tí Wọ́n Fẹ́ Gba Òpópónà Lọ́wọ́ Wa

Ọjọ́ Àìkú, 19 oṣù Kejì

Mo ti di ìyàwó! Òwúrọ̀ kẹta nìyí tí mo ń jí nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkè, tí mo sì ń rí orí Wagih lórí ìrọ̀rí, irun rẹ̀ dúró gán-ún bí ìgbálẹ̀ tuntun, tí ẹ̀rín á sì gbé mi. Lónìí mo rẹ́rìn-ín débi pé Màmá, ìyá ọkọ mi, wá kan ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó wa, rọra máa rẹ́rìn-ín. Ògiri yìí kò nípọn, ojú ìlara àwọn ará ìsàlẹ̀ sì mú."

"Ẹ má bínú, Màmá."

"N kò bínú. Ojú ayé ni mò ń sá fún."

Ọ̀la ni ààwẹ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀. Kò ní sí ẹran, kò ní sí wàrà, kò ní sí ẹyin títí di Àjíǹde, kò sì ní sí ohun mìíràn tí n kò lè kọ síbí. Wagih ní àlùfáà tó fi ọjọ́ ìgbéyàwó wa sún mọ́ ààwẹ̀ tó báyìí, ó ní láti jẹ́ pé òun ti ṣẹ̀ ẹ́ níbì kan. A jẹ pẹ́pẹ́yẹ títí a kò lè dìde.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ akẹ́rù sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ rẹ̀. "Òpópónà Dokki ti di tiyín. Ilé mẹ́sàn-án tí a ń kó pàǹtí wọn. Bàbá mi ló fi lé mi lọ́wọ́ nígbà tí igi ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á."

Wagih di kọ́kọ́rọ́ náà mú gírígírí. Èmi ni mo sunkún, mo sì tún ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. Ta ló láyọ̀ tó mi lórí gbogbo òkè yìí? A ní yàrá, a ní ọkọ̀, a ní ilé mẹ́sàn-án tí àwọn ará inú wọn ń jẹun tí wọ́n sì ń da ìyókù nù!

Ọjọ́rú, 22 oṣù Kejì

Ọkọ̀ ìjọba tó ní gbohùngbohùn gòkè wá lónìí. Àwa obìnrin ń ṣa pàǹtí nísàlẹ̀ ilé, ike sí ọ̀tọ̀, páálí sí ọ̀tọ̀, oúnjẹ fún ẹlẹ́dẹ̀ sí ọ̀tọ̀, gbogbo wa sì dákẹ́ láti gbọ́. Gbogbo ọkọ̀ tó ń kó pàǹtí gbọ́dọ̀ wá fún àyẹ̀wò èéfín kí Àjíǹde tó dé. Wọ́n á lẹ ìwé aláwọ̀ ewé mọ́ èyí tí èéfín rẹ̀ mọ́, owó orí rẹ̀ á kéré. Èyí tó bá gba ìwé òféèfèé, owó orí rẹ̀ á pọ̀, ṣùgbọ́n a lè máa san án díẹ̀díẹ̀. Pupa, wọ́n á gba ọkọ̀. Òpópónà tí pàǹtí rẹ̀ bá sì wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìsí ẹni tó kó o, iléeṣẹ́ tuntun tó ní àpótí ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé yóò gbà á.

Ọkọ̀ wa dàgbà ju Wagih lọ. Wọ́n kọ "OJÚ ÌLARA, JÓKÒÓ SÍLÉ RẸ" sí ẹ̀yìn rẹ̀, bàtà ọmọ ọwọ́ kan sì ń jù fìrìfìrì lábẹ́ rẹ̀ láti lé ojú ìlara kan náà. Bí wọ́n bá ti ṣí i, ẹ̀gbẹ́ ilé wa á dúdú.

Wagih rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. Ṣùgbọ́n ìdajì búrẹ́dì rẹ̀ ló jẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù Kẹta

Ata rodo ti wọ́n, òróró ti wọ́n, àlùbọ́sà nìkan ló kù tí èèyàn fi lè ṣe yangàn.

Bọ̀dá Romani, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá, wá bá wa jẹ ẹ̀wà. Ó ń lọ sí Líbíyà. Àwọn méje ni, wọ́n ń lọ kọ́lé fún àwọn olówó, ọjọ́ Ajé lẹ́yìn Àjíǹde ni wọn yóò gbéra.

"Ìyàwó wa," ó ní, ẹnu rẹ̀ kún fún búrẹ́dì, "yá mi ní ọkọ rẹ fún ọdún méjì péré. N óò dá a padà tòun tèlé."

"Bọ̀dá, ẹ lọ yá ti ẹlòmíràn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tèmi ni, n kò tíì tú u tán nínú páálí."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Bàbá pàápàá tu omi ẹnu rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tó ku àwa méjì, Wagih ń wo àjà ilé.

"Bí òpópónà yẹn bá lọ, Yustina, kí ni n óò máa ṣe níbí?"

Ìyá Sabri tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa ṣì wọ aṣọ dúdú. Líbíyà ni ọmọ tirẹ̀ lọ, wọ́n sì pa á níbẹ̀ nítorí Kristi. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri ìjọ báyìí, wọ́n ya adé sí i lórí, àwọn èèyàn sì ń fọwọ́ kàn án kí wọ́n tó wọlé. N kò fẹ́ ọkọ tó dé adé lára ògiri. Èyí tí irun rẹ̀ dúró gán-ún yìí ni mo fẹ́. Olúwa, ẹ jọ̀ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 oṣù Kẹta

Mo tẹ̀lé e lọ sí Dokki! Mo jókòó níwájú ọkọ̀ bí ayaba, ọkọ̀ sì ń wú ikọ́ ní gbogbo orí afárá. Bàbá Idris, mẹ́gáàdì ilé kẹta, fún mi ní àga rẹ̀. Mo rí ọkọ mi tó gun àtẹ̀gùn onírin tó wà lẹ́yìn ilé, agbọ̀n ńlá lẹ́yìn rẹ̀, láti ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná kan dé òmíràn, gbogbo wọn ló sì ń fi orúkọ pè é.

Ìyáàfin Inshirah yọjú láti àjà karùn-ún. "Ṣé ìyàwó nìyẹn? Ó tín-ín-rín jù! Mo rò pé pàǹtí mi ń bọ́ yín dáadáa ni."

"Ìyáàfin," Wagih ké sókè sí i, "èèpo ọsàn àti páálí oògùn ni pàǹtí yín. Ẹ sè nǹkan gidi, ẹ wá wo bí yóò ṣe sanra!"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi rí àwọn àpótí aláwọ̀ ewé náà. Wọ́n tò wọ́n sí igun òpópónà, ọ̀rá ṣì wà lára wọn.

"Àná ni wọ́n já wọn sílẹ̀," Bàbá Idris wí. "Wọ́n ní kí oníkálukú máa sọ̀kalẹ̀ wá da tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ní, ta ni? Ìyáàfin Inshirah? Ẹni tí kò sọ̀kalẹ̀ wá wo òkú ọkọ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ agbéniròkè bàjẹ́?"

Ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń ka àpótí. Àpótí náà pọ̀, wọ́n mọ́ tónítóní, wọn kì í wúkọ́.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù Kẹta

Ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ti bẹ̀rẹ̀ lónìí. Gbogbo ìlú ló ń gbààwẹ̀ báyìí, pàǹtí sì di ìlọ́po méjì. Àwámáàrídìí ni.

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù Kẹta

Ìjì oníyanrìn láti àárọ̀. Ojú ọ̀run dà bí ẹ̀yìn ìkòkò. Wagih àti Bàbá fi aṣọ bo imú, wọ́n sùn sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n tú gbogbo nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n fọ̀ wọ́n, wọ́n sì pààrọ̀ ohun tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣí i, mo na aṣọ funfun kan sí ẹnu sàlẹ́ńsà. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò dúdú! Mo jó yí ọkọ̀ po nínú yanrìn. Bàbá ní kò ní ṣaláì gba òféèfèé, ó sì lè gba ewé bí ẹni tó ń wò ó bá láàánú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀, ni wọ́n dá fún wa.

Mo lá àlá pé mo ń ṣa pàǹtí, mo sì rí bàtà Wagih nínú rẹ̀. Mo jí, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù Kẹrin

Ọjọ́ Ẹtì ìparí ààwẹ̀, ọjọ́ òróró. Èrò kún inú ìjọ àpáta débi pé a kò rí ibi fẹsẹ̀ sí. Àlùfáà fi òróró kan iwájú orí gbogbo wa, àwọn aláìsàn sì gba àmúrelé, òróró àti òwú, nínú ìgò kéékèèké. Màmá náà gba tirẹ̀.

"Màmá, ta ló ń ṣàìsàn nílé wa?" mo béèrè lójú ọ̀nà.

Ó wò mí bí ẹni pé mo gọ̀. "Ọkọ̀ yẹn ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú! Àwọn ọkùnrin ń sùn lọ́sàn-án, àwa méjèèjì sọ̀kalẹ̀. A fi òróró ya àgbélébùú sí iwájú ọkọ̀, sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sí ìdí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́ ọ. Ìdajì ìgò ṣì kù.

"Ibo gan-an ni àìsàn rẹ̀ ti ń jáde?" Màmá béèrè.

Mo nàka sí sàlẹ́ńsà.

Ó da gbogbo ìyókù síbẹ̀, ó fi igi ti òwú ìbùkún náà wọlé dé ibi tí ọwọ́ kò tó. Èmi ni mo di ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. A gbàdúrà. Mo gòkè padà pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ tí n kò tíì ní láti oṣù kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù Kẹrin

Ọjọ́ Lásárù. Wagih ń kọrin nígbà tó ń lọ. Ó ní bí òkú ọjọ́ mẹ́rin bá lè dìde, kí ló dé tí ọkọ̀ ogójì ọdún kò ní lè mí?

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi padà dé.

Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò tú bàtà. "Pupa," ó ní. "Wọ́n ti ti ọkọ̀ mọ́ ọgbà wọn lábẹ́ afárá. Èéfín funfun ló ń yọ. Funfun, kì í ṣe dúdú! Ó bo gbogbo àgọ́ àyẹ̀wò, àwọn èèyàn ń sá. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí."

"Ó sì ń rùn bí ilé ìjọsìn," Wagih wí. Ojú rẹ̀ ti wọnú. "Bí fìtílà iwájú pẹpẹ. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè."

Mo wo Màmá. Màmá ń wo ẹ̀wà tó ń ṣà. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Màmá tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì. Mo bá a ṣa ẹ̀wà.

Ọjọ́ Àìkú, 9 oṣù Kẹrin

Ọjọ́ imọ̀ ọ̀pẹ. Gbogbo obìnrin ń hun àgbélébùú. Tèmi kò gún.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Kẹrin

Bàbá kò bá ẹnikẹ́ni jíròrò. Ó lọ sí ilé ẹlẹ́dẹ̀, ó tú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń fa omi fún wọn, ó sì so kẹ̀kẹ́ onígi mọ́ ọn.

"Èyí kì í yọ èéfín," ó ní. "Kò sí ìwé pupa tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀."

"Bàbá, wọ́n ti lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kúrò lójú títì kí ẹ tó bí mi," Wagih wí.

"Mo mọ̀. Wọ́n ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń dójú ti ìlú, kí a lọ ra ọkọ̀. A ra ọkọ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ ń yọ èéfín. Kí ló kù? Kí a máa fi orí rù ú? Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún òpópónà. Lọ!"

Wagih fa ìjánu, ó lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo gbọ́ ìró pátákò títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́. Gbogbo àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń sáré lórí afárá yẹn, àti ẹranko kan, àti ọkọ mi lẹ́yìn rẹ̀ láìní iná.

Ó dé ní ọ̀sán, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kún. Ilé mẹ́rin péré ló rí kó. Mo fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un nígbà tí mò ń fọ̀ ọ́. Omi mìíràn ni mo lọ bù.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹrin

Ọ̀sán pọ́n, kò dé. Wọ́n pe ìrun ìrọ̀lẹ́, kò dé. Ìyá Sabri wá jókòó tì mí, èyí gan-an ló bà mí lẹ́rù jù. Mo wo aṣọ dúdú rẹ̀, mo dìde, mo lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà.

Ó dé nígbà tí oòrùn ń wọ̀, òun àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, kẹ̀kẹ́ ṣófo. Ọlọ́pàá mú wọn lórí afárá. Wọ́n kó wọn lọ sí ọgbà tí ọkọ̀ wa wà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà kò gba kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

"Ó ní, 'Ta ni yóò máa bọ́ ọ? Èmi ń gbààwẹ̀, òun kò gbààwẹ̀!'" Wagih ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. "Ọlọ́pàá ní kó tì í mọ́ ọgbà. Ó ní kí ọlọ́pàá mú un lọ sílé ara rẹ̀. Wọ́n bú ara wọn títí tó fi rẹ̀ wọ́n, wọ́n wá ní kí n máa lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún rí mi, àtìmọ́lé ni."

Ó ń rẹ́rìn-ín, tíì sì ń dà sílẹ̀ nínú ife tó dì mú.

N kò lè fẹnu kò ó lẹ́nu. Láti àná títí di Àjíǹde a kì í fẹnu ko ara wa, nítorí ìfẹnukonu tí Júdásì fi da Olúwa. Òpópónà ti wà lọ́jọ́ kan láìkó. Ọ̀la, ọ̀tunla, ó parí.

Mo sọ fún Màmá pé n óò sọ ọ́. Ó ní, "Òróró ìbùkún ni. Kò lè ṣe búburú." Ṣùgbọ́n omi wà lójú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Kẹrin

Mo ní mo fẹ́ tẹ̀lé e lọ sí ọgbà ọkọ̀. Ó ní kí ni mo fẹ́ lọ ṣe. Mo ní mo fẹ́ lọ ni.

Obìnrin ló wà lórí àyẹ̀wò lónìí, onímọ̀ ẹ̀rọ, fìlà iléeṣẹ́ lórí ìbòrí rẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ fún ààwẹ̀.

"Pupa ni èyí," ó ní fún Wagih. "Ẹ kò lè tún un yẹ̀ wò bí ẹ kò bá tún nǹkan ṣe. Kí lẹ tún ṣe lára rẹ̀?"

Wagih wo ọkọ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Ọ̀dọ̀ wọn ni ọkọ̀ ti wà.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, ohùn mi sì ń gbọ̀n bí ti ewúrẹ́, "kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ náà. Àwa la ṣe é. A da òróró sí sàlẹ́ńsà rẹ̀."

"Òróró kí ni?"

"Òróró ìjọ. Tí wọ́n fi ń kan iwájú orí aláìsàn. Àti òwú."

Ó wò mí. Ó wo Wagih. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sórí táyà kan, ó ní, "Àbúrò, o fẹ́ ba ààwẹ̀ mi jẹ́! Kò sí omi lẹ́nu mi tí mo lè fi rẹ́rìn-ín báyìí!" Ó pe ẹnì kan, wọ́n fi wáyà fa òwú tó jóná náà jáde, wọ́n ṣí ọkọ̀, wọ́n jẹ́ kó gbóná, wọ́n ti ẹ̀rọ bọ̀ ọ́ nídìí.

Òféèfèé! Owó orí rẹ̀ pọ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta la óò máa san án, ṣùgbọ́n wọ́n dá ọkọ̀ padà!

Mo yí padà láti bá Wagih yọ̀. Kò wo ojú mi. Ó wakọ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè, ó ní, "Sọ̀kalẹ̀. Mo ń lọ kó pàǹtí." Ìyẹn nìkan.

Títí tó fi sùn, kò bá mi sọ̀rọ̀. N kò mọ̀ bóyá nítorí ọ̀sẹ̀ ìyà Olúwa ni kò ṣe fẹnu kò mí lẹ́nu, tàbí nítorí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù Kẹrin

Wọ́n ti tú ọ̀rá kúrò lára àpótí aláwọ̀ ewé. Ọkọ̀ iléeṣẹ́ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí wá ní ọjọ́ Ajé, bí a tilẹ̀ kó pàǹtí kó tó pé ọjọ́ mẹ́ta.

"Bí àwọn ará ilé bá ń dà á síbẹ̀, kí la óò fi san owó orí?" Wagih ń bi Bàbá, kì í ṣe èmi.

Bọ̀dá Romani wọlé sórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní kí Wagih fi ọkọ̀ wa gbé ẹrù wọn dé ibùdókọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. "Ẹnì kan nínú wa ti yẹ̀. Àyè kan ṣófo," ó ní, kò sì bá mi ṣàwàdà rárá lónìí.

Wagih kò sọ bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù Kẹrin

Kristi jíǹde! Ó fẹnu kò mí lẹ́nu, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì pẹ́. N kò mọ̀ bóyá ti ìkíni ni tàbí ti ìdágbére.

Ọjọ́ Ajé, 17 oṣù Kẹrin

Mo jí, ẹ̀gbẹ́ mi tutù. Tẹlifóònù rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ọkọ̀ kò sí nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kí nìyẹn sọ fún mi? Ẹrù wọn ló kúkú gbé. Ẹnì kan lè wakọ̀ padà wálé fún un.

Mo ṣí àpótí aṣọ. Ẹ̀wù òtútù rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Gbogbo òkè lọ sí etí odò láti gba atẹ́gùn, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún ní ọjọ́ kejì Àjíǹde, wọ́n gbé ẹyin aláwọ̀ mèremère àti àlùbọ́sà tútù. Èmi jókòó sí ìsàlẹ̀ ilé níwájú ilẹ̀ tí kò sí pàǹtí lórí rẹ̀. Màmá gbé búrẹ́dì wá, n kò jẹ ẹ́. Ó jókòó tì mí. "Èmi ni kó bínú sí," ó ní, "èmi ni mo da òróró." Ọ̀sán kọjá. Mo ti ń ronú aṣọ dúdú tèmi, ta ni yóò rán an.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ikọ́ yẹn ní ìsàlẹ̀ òkè.

N kò sáré. Ọkọ̀ náà gun òkè wá, ó kún dé ibi tí wọ́n fi okùn dè é, òórùn rẹ̀ sì ti ṣáájú rẹ̀ wọ àdúgbò, nítorí gbogbo ará Dokki tí kò gbààwẹ̀ ló jẹ ẹja oníyọ̀ ọdún lónìí. Àwọn eṣinṣin tẹ̀lé e bí ìjọ. Wagih sọ̀kalẹ̀, ó wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, omi ẹja ń kán lára apá rẹ̀.

"Mo gbé wọn dé ibùdókọ̀," ó ní. "Romani sunkún. Èmi náà sunkún. Ó di àyè náà mú fún mi títí tí wọ́n fi ṣí ọkọ̀."

"Láti òwúrọ̀ ńkọ́?"

"Mo jókòó lórí àga Bàbá Idris. Mo dúró kí wọ́n jẹun tán. Bí wọ́n ṣe ń jẹ tán ni mò ń gòkè, ilé kan tẹ̀lé òmíràn, kí iléeṣẹ́ yẹn tó dé. Nígbà tí wọ́n ṣí àpótí wọn, ológbò kan ṣoṣo ló bẹ́ jáde." Ó wò mí, ó ti pẹ́ tó ti wò mí bẹ́ẹ̀. "Kí ló ṣe ojú rẹ? O ti jẹun?"

Mo gun ẹ̀yìn ọkọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí já àpò sílẹ̀.

Orí ẹja, egungun ẹja, ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di ẹja, èèpo ẹyin pupa àti búlúù. Kò sí pàǹtí tó burú tó ti ọjọ́ yìí nínú ọdún, Màmá pàápàá fi ìborùn di imú. Mo ti apá mi méjèèjì bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Wagih wá jókòó tì mí, ó ń ṣa èèpo ẹyin sí ọ̀tọ̀ fún adìẹ Ìyá Sabri.

Ó ti sùn báyìí. Ó ku àpò mẹ́fà nísàlẹ̀. Ọwọ́ tí mo fi ń kọ èyí kò tíì mọ́, ojú ewé yìí sì ti ń rùn. Kí ó máa rùn.